Àjẹ̀ Lọ́wọ́, Ọ̀sà Níwájú

Ìrìn àjò orí omi ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, ṣùgbọ́n n kò sọ ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń gbé òṣìṣẹ́ láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó láàárọ̀. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni mo ń wí, ọkọ̀ tí kò ní ariwo, tí kò ní èéfín, tí kò sì ní lọ síbì kankan àfi bí èèyàn bá fi apá tù ú débẹ̀. Ìrìn tó jìn ni mo sì ń wí, irú èyí tí èèyàn á gbéra lówùúrọ̀, tí á sùn lọ́nà, tí á tún gbéra lọ́jọ́ kejì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ nínú ilé pé, "Kí la tún fẹ́ fi ọkọ̀ àjẹ̀ ṣe láyé tí ẹ́ńjìnnì ti kún ìta?" Kó fara balẹ̀ ná. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ẹni tó bá fi àjẹ̀ la ọ̀sà kọjá ló mọ ọ̀sà. Àwa tó kù, a kàn ń rí i ni.

Ọ̀pọ̀ wa, orí Third Mainland Bridge la ti ń wo ọ̀sà Èkó, láti ìgbà tí wọ́n ti parí afárá ọ̀hún ní 1990. A ó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, a ó ká gíláàsì sílẹ̀, a ó wo omi. Lójú wa, omi kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bẹ́ẹ̀, omi yẹn kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀sà Èkó nìkan gùn ju 50 kìlómítà lọ. Lápá ìlà-oòrùn rẹ̀ ni ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà. Tí a bá kọjá Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà Lẹ́kí ló kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, omi á máa gba àárín igbó àti àbàtà lọ títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí Atíjẹrẹ́, Màhín àti Igbókọ̀dá wà. Lápá ìwọ̀-oòrùn ẹ̀wẹ̀, ó ń gba ojú omi tóóró lọ sí Àgbádárìgì, kò sì dúró níbẹ̀, ó tún ń bá a lọ sí Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ̀gbẹ́ òkun ni gbogbo omi yìí ń bá rìn. Ilẹ̀ oníyanrìn tí kò fẹ̀ ló dá òun àti òkun sí méjì, ìyẹn ni ìgbì ńlá òkun kò fi í débẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn baba wa tó ń gbé etí omi kò fi fi òkun ṣe títì. Ọ̀sà ni títì wọn.

Títì ọ̀hún sì kún fún èrò nígbà náà. Láti Ìjẹ̀bú ni epo, àgbàdo, gàrí àti ewúrẹ́ ti ń wọ ọkọ̀ wá sí Èkó. Iyọ̀ àti aṣọ ni ọkọ̀ ń gbé padà. Ọjà Èjìnrìn létí ọ̀sà jẹ́ ọjà tí àwọn ìyálọ́jà Èkó ń ná dáadáa, ọkọ̀ ni wọ́n sì ń bá lọ. Kí rélùwéè tó dé Abẹ́òkúta ní ìparí ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń ti Èkó lọ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Odò Ògùn ló ń gbà gòkè. Ẹ fojú inú wo iye ẹrù tí orí ènìyàn lè rù láti Èkó dé Abẹ́òkúta, kí ẹ wá fi wé ohun tí ọkọ̀ kan pẹ̀lú atukọ̀ mẹ́rin lè gbé. Omi ló ń gbé ìwúwo ẹrù. Iṣẹ́ atukọ̀ ni kó tì í síwájú. Ọgbọ́n àtijọ́ gbáà ni. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní Ìpínlẹ̀ Yobe, ó sì kan igi kan nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọkọ̀ gbígbẹ́ ni. Ó gùn ju mítà 8 lọ, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Lára àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n tíì rí lágbàáyé ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Omi kan náà tó gbé epo ló gbé ẹrú. Samuel Àjàyí Crowther, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Òṣogùn ni, nílẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí ọ̀sà, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e wọ Èkó. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837 nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sọ bí omi yẹn ṣe já a láyà tó. Ọmọ òkè odàn ni, kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó bí i kò kọ́ ọ ní àjẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ wọkọ̀. Ẹ rí i pé ẹni méjì lè jókòó sínú ọkọ̀ kan náà kí omi kan náà má sọ ohun kan náà fún wọn.

Ọba Kòsọ́kọ́ náà lo ọ̀sà yìí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní ìparí 1851, omi ló bá lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Láti Ẹ̀pẹ́ ló ti ń fi ọkọ̀ ogun da Èkó láàmú, títí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bá a ṣe àdéhùn ní 1854. Ó padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá kò padà. Àwọn ọmọ wọn ló ń ṣe ọdún Káyòkáyò ní Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Ẹni tó bá dé Ẹ̀pẹ́ tó gbọ́ ohùn Èkó lẹ́nu àwọn kan níbẹ̀, ọkọ̀ ló gbé ohùn náà débẹ̀.

Ó tó báyìí nípa àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká wọkọ̀.

Ọkọ̀ tó máa rìn jìn, ó kéré tán, ó yẹ kí ẹni méjì máa tù ú: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ìdí ọkọ̀. Ẹni iwájú ń fa omi, ó sì ń ṣọ́ igi tó rì àti àwọ̀n tí wọ́n ta sílẹ̀. Ẹni ìdí ló ń darí, òun ni ọ̀gá. Àwọn tí kò tukọ̀ rí máa ń rò pé títọ́ ni ọkọ̀ ń lọ fúnra rẹ̀. Rárá o. Bí o bá ń fi àjẹ̀ fa omi lápá ọ̀tún, imú ọkọ̀ á máa yà sí òsì, nítorí pé agbára rẹ kò bọ́ sí àárín ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ló bọ́ sí, ẹ̀gbẹ́ yẹn á sì máa sáré ju ìkejì lọ. Kí wá ni aláìmọ̀ máa ṣe? Á gbé àjẹ̀ bọ́ sí òsì. Ọkọ̀ á yà sí ọ̀tún. Á tún gbé e padà. Omi á máa ro sí i lórí itan, ọkọ̀ á sì máa wọ́ bí ejò lórí omi, ọ̀nà wákàtí kan á di méjì. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í pààrọ̀ apá bẹ́ẹ̀. Á ki àjẹ̀ bọ omi níwájú orúnkún, á fà á wá sẹ́yìn. Bó bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, á yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kí àtàǹpàkò dojú kọlẹ̀, á wá fi pẹlẹbẹ àjẹ̀ ti omi díẹ̀ síta kó tó yọ ọ́. Títì kékeré yẹn ló ń dá imú ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ ò ní mọ ìgbà tó ṣe é. Ẹ kàn máa rí i pé ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ gbọnrangandan.

Mo bá bàbá atukọ̀ kan jókòó ní èbúté Ẹ̀pẹ́ nígbà kan, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n jẹ́ kí n tù ú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ní, "Ọmọ mi, apá lo fi ń tukọ̀?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Wọ́n ní, "Apá rẹ ò ní bá ẹ délé. Ẹ̀yìn ni kó o fi tù ú." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Iṣan apá kéré, kíá ló ń rẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn àti ti ikùn tóbi, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dọ̀sán. Kí apá ìsàlẹ̀ na tààrà, kí ọwọ́ òkè máa ti orí àjẹ̀ síwájú, kí èjìká àti ìbàdí máa yí. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀, kó máa kọrin, kó má mí hẹlẹ. Orin sì wúlò nínú ọkọ̀, òun ló ń jẹ́ kí àjẹ̀ gbogbo bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Eré tí ọkọ̀ àjẹ̀ ń sá kò ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ púpọ̀, bíi kìlómítà 4 tàbí 5 ní wákàtí kan. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ní ìwọ̀n eré yẹn, tí kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, ojú, imú, etí àti ahọ́n á wá ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ ó gbọ́ ìró ẹja tó tọ jáde lẹ́yìn yín. Ẹ ó gbóòórùn ẹja tí wọ́n ń yan ní abúlé kan kí ẹ tó rí abúlé náà. Ẹ ó rí ẹyẹ kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun tó ń jà fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ lójú kan náà lófuurufú, tí á ṣàdédé forí sọlẹ̀ sínú omi, tí á gbé ẹja ṣíńṣín jáde. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti lé ẹyẹ náà lọ kó tó débẹ̀.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Lójoojúmọ́, oòrùn máa ń mú ilẹ̀ gbóná ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á lọ sókè, afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun á sì fẹ́ wọlé wá dípò rẹ̀. Nítorí náà, ní ìdájí, ọ̀sà máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Tó bá ti di ọ̀sán, atẹ́gùn á dé láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ọ̀sà kò sì jìn. Yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà fún ọkọ̀ ńlá, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò ju mítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹlòmíràn á fi ọ̀pá tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbì orí omi tí kò jìn kì í gùn, kíkúrú ni, ó ga, ó sì ń tẹ̀lé ara wọn kíkankíkan. Òun ló ń da omi sínú ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbà atukọ̀ fi ń gbéra ní aago márùn-ún ìdájí, tó sì ti ń wá ibi tí á yà sí kí oòrùn tó kanrí. Ẹni tó sùn di aago mẹ́sàn-án, ẹ má bá a wọkọ̀.

Ewu tó ju ìyẹn lọ ni ẹ̀fúùfù òjò, pàápàá nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń kógbá sílé. Ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Ojú ọ̀run lápá ibẹ̀ á ṣú dúdú kirikiri, atẹ́gùn á dákẹ́ pátápátá, ooru á mú. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ tútù kan á fẹ́ lù yín lójú. Tí ẹ bá ti rí ṣíṣú yẹn, tí ẹ sì rí i pé ó dákẹ́, ẹ má dúró gba afẹ́fẹ́ tútù. Ẹ forí ọkọ̀ lé èbúté tó bá sún mọ́ yín jù.

Ẹ jẹ́ ká wá tọ́ omi wò. Iyọ̀ ni mo ń wí. Láti Èkó títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹnu kan pàtàkì ni ọ̀sà Èkó gbà bọ́ sínú òkun, èyí tó wà ní èbúté Èkó níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò kò ní omi púpọ̀, òkun á gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀sà Èkó á ní iyọ̀ lẹ́nu. Nígbà òjò, Odò Ògùn, Odò Ọ̀ṣun àti àwọn ẹgbẹ́ wọn á kún, wọ́n á ti iyọ̀ jáde, omi á di omi dídùn. Bí ẹ bá sì tukọ̀ láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ tí ẹ tún wọ ọ̀sà Lẹ́kí, ẹ ó rí i pé iyọ̀ ń dín kù títí tí kò fi ní sí mọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín, ahọ́n yín á sọ ọ́.

Ojú náà á rí i lára ewéko. Ewéko kan wà tó ń léfòó, ewé rẹ̀ ń dán, igi ewé rẹ̀ wú, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àwọn ìyẹn jẹ́ ọmọ onílé lórí omi wa. Àlejò ni èyí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó gba ojú omi Àgbádárìgì wọ orílẹ̀-èdè wa ní 1984, kò sì pẹ́ tó fi bo ojú omi láti ibẹ̀ dé Ìlàjẹ. Ó ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń ya àwọ̀n, ó ń dí èbúté pa. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí iyọ̀ wọlé, èyí tó wà nítòsí Èkó á rọ, á jẹrà, á rì. Lápá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí, níbi tí iyọ̀ kò dé, ó wà níbẹ̀ tọdún tọdún. Ọmọ iléèwé tó bá fi àjẹ̀ gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá lóṣù kejì ọdún ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa omi oníyọ̀ tí tíṣà kan kò lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọ.

Ní ibi tí iyọ̀ ń dé, ẹ ó tún rí igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ti ara igi yọ, tó tẹ̀ kọdọrọ wọ inú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn kò ní atẹ́gùn nínú, ìdí nìyẹn tí gbòǹgbò fi dúró síta láti mí. Abẹ́ rẹ̀ ni edé, akàn àti ọmọ ẹja ń sá sí. Níwájú díẹ̀, ẹ lè bá akájà pàdé: ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja, pàápàá àwọn Ègùn, rì mọ́ ìsàlẹ̀ ní ibi tí omi kò jìn. Ẹ̀ka á rà, nǹkan ewéko kéékèèké á hù sí i lára, ẹja á wá jẹun, á sì rí ibi sápamọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á yọ ẹ̀ka, wọ́n á kó ẹja. Ní adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ìlú Ganvié tó dúró lórí omi wà, akájà pọ̀ débi tí ó fi ń dí ojú ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ má fọkọ̀ gba orí akájà o. Oko olóko ni.

Kì í ṣe ohun tó wuni nìkan lẹ máa rí. Ẹ ó bá igi gẹdú tí wọ́n so pọ̀ pàdé, tó ń léfòó bọ̀ láti ìlà-oòrùn lọ sí ibi ìlagi, tí àwọn èèyàn ń gbé orí rẹ̀, tí wọ́n ń dáná níbẹ̀. Ẹ ó bá àwọn tó ń wa iyanrìn, tí omi agbègbè wọn dọ̀tí bí ọ̀gbàrá. Nítòsí ìlú, ọ̀rá ni àjẹ̀ yín á máa gbé jáde, ọ̀rá omi, ike, bàtà. Ó ń bí mi nínú, n ò purọ́. A máa ń da ìdọ̀tí sójú gọ́tà ní Súrùlérè, a ó ní òjò ti gbé e lọ. Ẹni tó ń tukọ̀ ló mọ ibi tó gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀ ká padà wá. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, létí ààlà Kánádà, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Boundary Waters. Adágún omi ibẹ̀ ju 1,000 lọ, igbó ló yí wọn ká. Òfin tó dáàbò bò ó wà lára òfin igbó tí wọ́n ṣe ní 1964. Òfin mìíràn ní 1978 sì lé ẹ́ńjìnnì kúrò lórí èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ. Wọ́n á gba ìwé àṣẹ, ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 9 àti ọkọ̀ 4 lọ, wọ́n á sì máa sùn nínú àgọ́ létí omi fún ọjọ́ mélòó kan. Níbi tí adágún kan bá parí, wọ́n á gbé ọkọ̀ lórí, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn dé adágún kejì. Ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe tuntun. Àwọn ọmọ onílẹ̀, tí àwọn Ojibwe wà lára wọn, ló là á, ọkọ̀ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀. Nígbà òwò awọ ẹran, àwọn atukọ̀ Faransé àti Kánádà ń gba ibẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó 40 kìlógíráàmù, méjì-méjì sì ni ọkùnrin kan ń pọ̀n lẹ́ẹ̀kan.

Ní 1930, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Eric Sevareid àti Walter Port, wọkọ̀ àjẹ̀ ní Minneapolis, wọ́n ń tù ú lọ sí àríwá títí wọ́n fi dé etí òkun ní Hudson Bay. Ọ̀nà náà ju 3,500 kìlómítà lọ. Sevareid, ọmọ ọdún 17, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé girama ni. Ó padà di oníròyìn ńlá, ó sì kọ ìwé nípa ìrìn náà ní 1935. Mo mẹ́nu bà á nítorí ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ mi. N ò ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ yín dá wọkọ̀ lọ síbì kankan. Ohun tí mo ń sọ ni pé nílẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, irú ìrìn yìí jẹ́ apá kan ìtọ́ni ọmọ, àwọn òbí ń sanwó fún un. Nílẹ̀ tiwa, ọmọ tó mọ àjẹ̀ lò ní Mákòkò tàbí ní Ayétòrò, ọ̀pọ̀ ló ń fojú òtòṣì wò ó. Ojú burúkú ni.

N kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé òyìnbó fẹ́ràn ẹ̀dá jù wá lọ. Omi tí kò sẹ́ni tó ń gbé etí rẹ̀ mọ́ rọrùn láti ṣòfin lé lórí. Tiwa, abúlé ló wà létí rẹ̀, ọjà ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ń jẹun lára rẹ̀. Ẹ ò nílò àgọ́. Ẹ ó dé abúlé ní ọ̀sán, ẹ ó kí baálẹ̀, ẹ ó sọ ibi tí ẹ ti wá, wọ́n á fún yín níbùsùn. Lápá Ìlàjẹ, wọ́n á gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja síwájú yín, ẹ ó sì gbọ́ ìtàn omi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyẹn gan-an ló mú kí ìrìn orí ọ̀sà yàtọ̀ sí ti Minnesota. Lójú tèmi, tiwa dára jù.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí ọyẹ́ kò tíì mú jù. Ọyẹ́ máa ń mú kùrukùru wá, èèyàn kì í rí etí omi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn òwúrọ̀ kan láti Ẹ̀pẹ́ kẹ́ ẹ tó ronú ọjọ́ méjì. Kí olúkúlùkù wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kódà ẹni tó mọ̀wẹ̀. Ẹ má kó ẹrù jù. Ẹ mú igbá tí ẹ ó fi gbọ́n omi dání, ẹ má sì dìde dúró nínú ọkọ̀. Bó bá dojú dé, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ igi kì í rì sísàlẹ̀ bó tilẹ̀ kún fómi, ẹ dì mọ́ ọn kí wọ́n lè rí yín. Ọ̀rá tí ẹ bá gbé lọ, ẹ gbé e padà wálé.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má dá lọ. Ẹ wá àgbà atukọ̀ tó mọ ojú omi ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó ní ìdí ọkọ̀. Tó bá dárúkọ iye tó fẹ́ gbà, ẹ má fi í wé owó tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń gbà lọ́wọ́ èrò, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an wálẹ̀. Ohun tí bàbá yẹn mọ̀ nípa afẹ́fẹ́, iyọ̀, ìsàlẹ̀ omi àti ojú ọ̀run, kò sí nínú ìwé kankan, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Èkó. Owó tíṣà ni kẹ́ ẹ san fún un.